Nọ́ńbà Mẹ́rin: Ìtàn Bí Ọ̀rọ̀ Ṣe Kọ́kọ́ Ń Gba Ojú Wáyà Kọ̀ǹpútà Kọjá

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ìwé yìí ní kí n kọ ìtàn kan láti inú iṣẹ́ tí mo ń ṣe, wọ́n sì kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi gírámà pa àwọn àgbà. Mo ti gbọ́. Ohun tó mú mi gbà ni pé nígbàkígbà tí a bá jókòó, àwọn ọmọ wa á máa sọ pé ọdún 2001 tí GSM dé ni Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní íntánẹ́ẹ̀tì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá! Kí GSM tó dé ni ọ̀rọ̀ ti ń ti Yábàá àti Ilé-Ifẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà lọ sí òkè òkun, Ifẹ̀ tí ọkọ̀ kì í pẹ́ gbé ènìyàn dé láti Ìkòyí níbí.

Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn ti ń fẹ̀yìn tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà wọn sí ti di ìwé tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà. Bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ìtàn tí wọn yóò sọ fún àwọn ọmọ ọmọ wa ni pé ẹlòmíràn ló wá so wá pọ̀ mọ́ ayé, pé àwa kàn jókòó ni, à ń wò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti pósí ọ́fíìsì. Ẹ̀yin tí ẹ jù mí lọ rántí tẹligíráàmù dáadáa: lẹ́tà ńlá gbogbo, kò sí àmì ohùn, owó sì wà lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ìròyìn ikú bàbá ènìyàn fi máa ń kúrú bí ìrù ewúrẹ́. Ará Faransé kan tó ń jẹ́ Émile Baudot ló gba ìwé àṣẹ ní 1874 lórí ọ̀nà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fi di àmì márùn-ún péré, tí àmì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́. Àmì bẹ́ẹ̀ni-tàbí-bẹ́ẹ̀kọ́ yìí ni àwọn oníkọ̀ǹpútà wá ń pè ní bíìtì. Orúkọ ọkùnrin yìí náà ni wọ́n gé kúrú tó di "baud" tí ẹ máa ń rí lára módẹ́ẹ̀mù.

Bíìtì márùn-ún kò lè ju ìyàtọ̀ méjìlélọ́gbọ̀n lọ. Lẹ́tà àwọn Òyìnbó nìkan ti gba mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú rẹ̀. Níbo ni ẹ fẹ́ kí ẹ, ọ àti ṣ tiwa dúró sí? Ẹ̀rọ telex tó gbajúmọ̀ ní àwọn ilé báńkì àti ilé-iṣẹ́ ńlá ń sáré 50 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn lẹ́tà mẹ́fà àti díẹ̀. Ojú ewé kan tó ní lẹ́tà 2,000 á gba odidi ìṣẹ́jú márùn-ún.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá dé, wọ́n nílò ihò kan tí wáyà máa gbà láti inú ẹ̀rọ kan bọ́ sínú èkejì. Ní 1960, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ iná ní Amẹ́ríkà, EIA, fi ìlànà kan lélẹ̀ tí wọ́n pè ní RS-232. Èyí tí a mọ̀ jù nínú rẹ̀, RS-232-C, jáde ní 1969. Ihò yìí ni serial port: àwọn kan ní eyín 25, àwọn kan ní 9. Ìtumọ̀ serial ni pé àwọn bíìtì ń tò tẹ̀lé ara wọn lójú wáyà kan, bí àwa náà ṣe máa ń tò wọ gbọ̀ngàn ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ẹ̀rọ méjì tó fẹ́ gba ihò yìí bára wọn sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́rin kí wọ́n tó la ẹnu. Àkọ́kọ́, báwo ni wọ́n á ṣe yára tó? Ẹ̀ẹ̀kejì, bíìtì mélòó ló wà nínú lẹ́tà kan, méje ni àbí mẹ́jọ? Lẹ́yìn náà, ṣé bíìtì kan wà tó ń ṣọ́ àṣìṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní parity, àbí kò sí? Paríparí rẹ̀, bíìtì mélòó ló ń sọ pé lẹ́tà ti parí? Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ní gígé kúrú báyìí: 9600 8N1. Ìyẹn ni pé 9600 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bíìtì mẹ́jọ, kò sí parity (N yẹn), bíìtì òpin kan. Tàbí 7E1: bíìtì méje, parity tó gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí méjì dọ́gba, bíìtì òpin kan.

Ẹ rántí agogo ilé-ìwé wa. Kí lẹ́tà kankan tó kọjá, bíìtì kan á kọ́kọ́ lu agogo pé "mo ń bọ̀ o". Lẹ́yìn rẹ̀ ni lẹ́tà fúnra rẹ̀ á wá, tí ìkẹyìn á tún lu agogo pé ó tán. Nítorí náà, yálà 8N1 ni o tàbí 7E1, bíìtì mẹ́wàá ni lẹ́tà kan ń gbà. Módẹ́ẹ̀mù 2400 á gbé lẹ́tà 240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú ewé wa yẹn á sì lọ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ àti díẹ̀. Módẹ́ẹ̀mù 300 á lò ju ìṣẹ́jú kan lọ lórí rẹ̀.

Parity yìí ló ba ọjọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le: ẹ̀rọ tó ń ránṣẹ́ á ka iye "bẹ́ẹ̀ni" tó wà nínú bíìtì méje. Bí iye náà kò bá ṣeé pín sí méjì dọ́gba, bíìtì kẹjọ á di bẹ́ẹ̀ni láti fi pé e. Tí ẹ̀rọ tó ń gbà á bá mọ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti tò ó sí 8N1, ó máa rò pé bíìtì kẹjọ yẹn wà lára lẹ́tà ni, yóò sì gbé àmì ṣákálá jáde.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé wa ṣe àpẹẹrẹ. Tí ẹ bá fi lẹ́tà ńlá kọ IKIRE láti ẹ̀rọ tó wà lórí 7E1 sí èyí tó wà lórí 8N1, K nìkan ló máa dé láyọ̀. I méjèèjì, R àti E á di ìdàkudà. Ẹ kọ IKOYI, K àti Y ló máa yè. Ṣùgbọ́n APOMU, O nìkan ló máa bàjẹ́! (Ẹ̀yin ará Ìkirè, ẹ má bínú, ẹ má sì sọ pé ará Àpòmù fún mi lówó. Ìṣirò ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ bi tíṣà mátì yín.) Tí ẹ bá wá fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́, gbogbo a àti gbogbo u á lọ, e, i àti o á dúró.

Kí ni mo ṣe ń fi èyí da yín láàmú? Owó ni. Ẹni tó bá rí irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ á rò pé wáyà tẹlifóònù ni kò dára, á já a, á sì tún pe òkè òkun, owó ìpè á sì tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àmì rẹ̀ hàn kedere: wáyà tí kò dára máa ń ba ohunkóhun tó bá rí jẹ́, lónìí a, lọ́la b. Parity tó ṣì, lẹ́tà kan náà ló máa ń bàjẹ́ nígbà gbogbo. Ẹni tó mọ ìyẹn á yí nọ́ńbà kan péré, iṣẹ́ á sì máa lọ.

Ó kan pákẹ́ẹ̀tì báyìí. Tẹlifóònù àtijọ́ dà bí ẹni tó háyà odidi ọkọ̀ láti Àpòmù dé Èkó: ẹ sọ̀rọ̀ o, ẹ dákẹ́ o, tiyín ni ọ̀nà náà, owó sì ń lọ. Paul Baran ní Amẹ́ríkà kọ ìwé lórí ọ̀nà míràn ní 1964. Donald Davies ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ní 1965, òun ló sì fún un ní orúkọ packet. Ọ̀nà náà ni kí a pín ẹrù sí àpò kéékèèké, kí a kọ nọ́ńbà àti orúkọ ẹni tó ń gbà á sára àpò kọ̀ọ̀kan, kí àpò ọ̀pọ̀ ènìyàn sì jọ máa wọ ọkọ̀ kan náà. Kò sẹ́ni tó ń dá ọkọ̀ háyà mọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 1969, wọ́n fi ARPANET rán ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti yunifásítì kan ní Los Angeles sí ilé ìwádìí kan ní ìhà àríwá California. LOGIN ni wọ́n fẹ́ kọ. L dé, O dé, ẹ̀rọ bá dákú.

Ní 1976 ni àjọ àgbáyé tó ń rí sí tẹlifóònù fọwọ́ sí ìlànà X.25, kí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè máa ta ọ̀nà pákẹ́ẹ̀tì fún àwọn oníbàárà. (Ní ti X.25, ọ̀nà kan náà ni gbogbo àpò inú ìpè kan máa ń tọ̀, kì í fọ́n ká.) Ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà kékeré kò lè sọ X.25 lẹ́nu. Ó nílò àpótí kan láàárín tí wọ́n ń pè ní PAD: lójú kan, serial port, lójú kejì, X.25. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣa lẹ́tà tó ń jò wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kó dì wọ́n ní pákẹ́ẹ̀tì, kó sì máa tú èyí tó ń bọ̀. Bí ìyá oníṣòwò tó ń di gàrí sínú ọ̀rá ní ọjà Àpòmù.

Lára PAD yìí ni títò serial port ti di nǹkan tó ń jẹ owó gidi. Ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ á tẹ PAR? kó tó rí bí wọ́n ṣe tò ó, á sì tẹ SET láti yí i padà. Nọ́ńbà kejì lórí ìlà náà ń sọ bóyá PAD máa dá lẹ́tà padà sójú kọ̀ǹpútà ẹni. Bí kọ̀ǹpútà náà bá ti ń ṣe é fúnra rẹ̀, gbogbo lẹ́tà á di ìbejì: BBAABBAA. SET 2:0 ló máa ń pa á lẹ́nu mọ́. Nọ́ńbà kẹta ló le jù. Òun ló ń sọ ìgbà tí PAD máa di àpò: ṣé tí ènìyàn bá tẹ ìlà tuntun ni, àbí ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan? Nọ́ńbà kẹrin ní tirẹ̀ ń sọ bí PAD ṣe máa dúró pẹ́ tó kó tó rán ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ìwọ̀n lẹ́tà 64 ni wọ́n fi ń gba owó. Lẹ́tà kan ṣoṣo inú àpò, owó 64 ni. Ẹni tó bá ní kí PAD máa rán lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń bọ̀, tírélà ló fi ń kó ata rodo ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tó yí wa ká tó ń sọ Faransé ló kọ́kọ́ gbádùn PAD, nítorí ilẹ̀ Faransé ti ṣí TRANSPAC tiwọn láti 1978. Senegal ṣe SENPAC, Côte d'Ivoire ní SYTRANPAC, Togo ní TOGOPAC. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilé-iṣẹ́ ìwádìí ORSTOM náà fi ọ̀nà wọ̀nyí pẹ̀lú tẹlifóònù lásán gbé lẹ́tà kọ̀ǹpútà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ní tiwa ńkọ́? NITEL bẹ̀rẹ̀ ní 1985, nígbà tí ìjọba pa ẹ̀ka tẹlifóònù P&T pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ìpè òkè òkun. Ẹ kò nílò kí n sọ ìyókù fún yín. Títí di 2001, ìlà tẹlifóònù gbogbo Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 400,000 lọ, fún èèyàn tó ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Nítorí náà, módẹ́ẹ̀mù àti tẹlifóònù lásán ni ọ̀pọ̀ àwọn aṣíwájú tiwa fi ṣe iṣẹ́. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń lò jù. Ọ̀kan ni UUCP, tí wọ́n ṣe ní Bell Labs nínú àwọn ọdún 1970. Èkejì ni FidoNet, tí Tom Jennings dá sílẹ̀ ní 1984. Kò sí ẹni tó ń wo ojú ewé kankan lórí méjèèjì. Wọ́n á kó lẹ́tà jọ, wọ́n á dúró di òru nígbà tí ìlà bá fúyẹ́, wọ́n á pe òkè òkun, wọ́n á da ti inú síta, wọ́n á kó ti ìta wọlé, wọ́n á já a kíá. Lẹ́tà tó bá wọlé lóru, àárọ̀ ni olówó rẹ̀ á tó rí i, a sì ń dúpẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ DOS ayé ìgbà yẹn ní COM1, COM2, COM3. COM1 àti COM3 sábà máa ń lo agogo ìpè kan náà, IRQ 4. Bí eku kọ̀ǹpútà bá wà lórí COM1, tí módẹ́ẹ̀mù wà lórí COM3, gbogbo nǹkan á máa lọ dáadáa títí ènìyàn á fi mi eku díẹ̀, ìpè á bá já. Ìpè òkè òkun o! Ìṣòro míràn ni ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní 8250, tí kò lè di ju lẹ́tà kan mú lẹ́ẹ̀kan. Lórí 9600, lẹ́tà tuntun ń dé ní bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Bí kọ̀ǹpútà bá bojú wẹ̀yìn báyìí, lẹ́tà kan ti ṣubú. Àwọn tó mọṣẹ́ á ní kí wọ́n wá 16550A tó lè di mẹ́rìndínlógún mú.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Yábàá ló wà níwájú ní Èkó, nínú ètò RINAF tí UNESCO àti ìjọba Ítálì ràn lọ́wọ́. Ibẹ̀ náà ni orúkọ .ng tó jẹ́ ti Nàìjíríà kọ́kọ́ fi ṣe ilé nígbà tí wọ́n fi í lélẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1995, Ìyáàfin Ibukun Odusote ló sì wà nídìí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé wa gbọ́ èyí.

Ilé-Ifẹ̀ la wá ń lọ. Láti àárín àwọn ọdún 1990, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ICTP tó wà ní Trieste ní Ítálì, ilé ẹ̀kọ́ tí Abdus Salam dá sílẹ̀ ní 1964, bẹ̀rẹ̀ sí í so àwọn ilé inú ọgbà pọ̀. Wọn kò dúró de wáyà NITEL. Rédíò ni wọ́n lò láti ilé dé ilé. Ọgbọ́n ńlá ni, lójú tèmi, nítorí rédíò kò ní wáyà tí olè máa gé tà.

Pákẹ́ẹ̀tì lórí rédíò náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Norman Abramson àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Hawaii ti ṣe ALOHAnet ní 1971, àwọn onírédíò ìgbafẹ́ ní Montreal sì dán tiwọn wò ní 1978. Láti ibẹ̀ ni AX.25 ti jáde, ìyẹn X.25 tí wọ́n tún ṣe fún rédíò. Àpótí tó ń ṣe iṣẹ́ PAD fún rédíò ni TNC. TNC-2 tí ẹgbẹ́ TAPR gbé jáde ní 1985 gbajúmọ̀ káàkiri ayé. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe tò ó láti ilé-iṣẹ́: AWLEN 7, PARITY 3. Bíìtì méje, parity tó dọ́gba. Àṣẹ kan tún wà, 8BITCONV, tí wọ́n pa sílẹ̀. Bó bá wà ní pípa, TNC á gé bíìtì kẹjọ kúrò lára gbogbo lẹ́tà kó tó rán an sójú afẹ́fẹ́.

Ó jọ nǹkan kékeré, àbí? Fún Òyìnbó tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, bíìtì méje tó o. Ó ń fún un ní ààyè 128. Fún wa, bíìtì kẹjọ ni ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Ẹni tó bá kọ "oko mi ti baje" ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ ní London, ṣé ọkọ̀ ló bàjẹ́ ni, àbí oko, àbí ẹnì kan ń fẹ̀sùn kan ọkọ rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ láti máa kọ Yorùbá láìní àmì lórí kọ̀ǹpútà, àwọn ọmọ sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ tó bá sọ pé ọ̀lẹ ni ìran yìí kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ gé e.

Síbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: 8N1 nìkan kò yanjú rẹ̀. Tábìlì lẹ́tà bíìtì mẹ́jọ tí Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù ń lò, Latin-1, ní à, á, è àti é nínú nítorí àwọn Faransé àti àwọn aládùúgbò wọn. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Unicode ló wá fún wọn ní ààyè nínú àwọn ọdún 1990. Bí UTF-8 tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe ní 1992 bá ń gbé e, ẹ nìkan gba ìwọ̀n bíìtì mẹ́jọ mẹ́ta, ẹ́ tó ní àmì gba márùn-ún. Gbogbo ìwọ̀n yẹn ló sì nílò bíìtì kẹjọ rẹ̀. Bí ọ̀nà bá gé e níbì kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Nígbà tó fi máa di 1997, Linkserve ti ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ní Èkó. Káfé kọ̀ǹpútà tẹ̀lé e, GSM dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, wọ́n sì ta àwọn ohun ìní NITEL fún NATCOM ní 2015. X.25 ti kọjá lọ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ilẹ̀ Faransé pa TRANSPAC tì ní 2012.

Ṣùgbọ́n serial port kò kú. Bí router ńlá bá ṣubú ní báńkì lónìí, tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí tí ènìyàn máa fi wọ inú rẹ̀, ẹni tó wá tún un ṣe á fa wáyà kan jáde nínú báàgì, á kì í bọ ihò tí wọ́n kọ console sí, á sì tò ó sí 9600 8N1. Mo ti rí ọmọ tó ní ìwé-ẹ̀rí mẹ́ta, tó dúró níwájú ojú ewé tó kún fún ìdàkudà, tó ń sọ pé kí wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun. Ìyára ni kò bára mu.

Mo ń bẹ̀ yín. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó ṣiṣẹ́ ní P&T tàbí NITEL, tàbí tó wà ní ọgbà Ifẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé rédíò gun òrùlé, ẹ wo inú àpótí yín. Ìwé ìlànà módẹ́ẹ̀mù, wáyà eyín 25, ìwé pélébé tí ẹ kọ nọ́ńbà sí, ẹ má jù wọ́n nù. Ẹ mú wọn wá sí ìpàdé. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti gbà láti fún wọn ní pẹpẹ kan nínú láìbìrì ilé-ìwé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn fọ́tò eléré ìdárayá.